Ìjókòó Tó Ń Kí Ènìyàn

Láníhùn dìde dúró lórí alùpùpù nígbà tí táyà iwájú wọ òkúta wẹ́wẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò tó wà lẹ́yìn Òkèhò. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ irin ìfẹsẹ̀lé, ó rọ orúnkún, ó gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó. Ó ka ení. Ó ka èjì. Kó tó ka ẹ̀ta, ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n fa okùn ọrùn rẹ̀.

"Ẹ jókòó, bàbá," ni ìjókòó wí. Ohùn obìnrin ni. Ó rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Òpó kò rí ojú yín."

Ó jókòó. Òkúta tó tẹ̀lé e gba abẹ́ ọkọ̀ wọlé, ó gba ìdí rẹ̀, ó gun eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àkàsọ̀, ó kàn án ní ìpàkọ́. Obìnrin tó gbé sẹ́yìn ké "Yé!", ó di aṣọ rẹ̀ mú.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá mi."

"Kò sí nǹkan kan, bàbá. Kí lẹ tilẹ̀ ń wá lókè?"

"Ìdí mi ló fẹ́ gba atẹ́gùn."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn láti àárọ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kọ ọ́. Kọ pé òkúta ni mo ń dìde kí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mopélọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Ilé-Iṣẹ́ Ìjókòó ni, láti Ìbàdàn. Kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó so pátákó dígí kan mọ́ àyà, ohunkóhun tí ìjókòó bá gbọ́ ń yọ níbẹ̀ ní kíkọ.

Òpó kan yọ lẹ́bàá ọ̀nà, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, dígí dúdú kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀ bí ẹyinjú. Láníhùn gbé àgbọ̀n sókè. Òpó náà wò ó, ó tan iná aláwọ̀ ewé, wọ́n kọjá. Òpó bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo kìlómítà méjì láti Ìsẹ́yìn títí dé Kíṣí. Ẹni tí òpó kò bá rí ojú rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní gbéra. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìjókòó orí ọ̀nà fi rí bákan náà: ẹ̀yìn á nàró, àyà á ṣí, ẹsẹ̀ á wà níwájú, bí ẹni tó jókòó síwájú adájọ́. Lọ́dún kan, awakọ̀ ará Ìlúà kan tẹrí ba fún ọba tó ń kọjá. Ọkọ̀ rẹ̀ kà á sí òkú, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn tó ń gbé òkú. Wọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ti rí òrùlé Àgọ́-Àmọ̀dù lókèèrè kí ìjókòó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"A dúpẹ́."

Pátákó dígí dún lẹ́yìn rẹ̀. "Èkejì nìyẹn," ni Mopélọ́lá wí. "Ó ku mẹ́rin."

"Ìwọ náà ń kà á."

"Iṣẹ́ mi ni."

"Èmi, ìwé ọ̀nà mi ni."

Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ń gun wákàtí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, olùyẹ̀wò á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìjókòó á béèrè lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń bi gbogbo awakọ̀. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé ara le, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá le, á fi ìwé ọ̀nà tó fún un láṣẹ láti wakọ̀ sílẹ̀ níbi tó bá dé. Ọdún méjìdínlógójì ni Láníhùn ti fi gun ọ̀nà yìí. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó kọ́ṣẹ́, ìjókòó kì í sọ̀rọ̀. Epo ni ọkọ̀ ń mu, èéfín ni wọ́n ń fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá rẹ̀, Akínbámi, máa ń fi awọ àgùntàn bo ìjókòó, irun rẹ̀ lókè. Ó kọ́ ọ ní ìjókòó fún oṣù kan kó tó kọ́ ọ ní ìrìn. Tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí atẹ́gùn gbé àyà rẹ. Di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni di òròmọdìẹ mú: má jẹ́ kó lọ, má sì pa á. Bí ìdí bá gbóná, sún un. Bí òkúta bá dé, dìde. Òkúta ń béèrè ọ̀rọ̀, orúnkún ni kó dá a lóhùn, kì í ṣe ẹ̀yìn. Má dúró dìgbà tí ara bá bẹ̀ ọ́ kí o tó sinmi. Awakọ̀ tó bá jókòó bí ọba, á sọ̀kalẹ̀ bí arọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Láníhùn fi jókòó bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe wí, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni òpó dé.

Ní Ṣakí, ìjókòó béèrè ẹ̀kẹta lọ́wọ́ Láníhùn. Ó ní ara le.

Òòrùn ti gun orí. Láti Ṣakí lọ, ọ̀nà náà dán, ìyẹn gan-an ló sì burú jù, nítorí kò sí òkúta tí ènìyàn lè fi ṣe àwáwí láti dìde. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan. Ó sọ̀kalẹ̀ sí itan ọ̀tún. Ó mọ̀ pé tó bá dé orúnkún, ẹsẹ̀ á kú.

Ó rántí Ìbídùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó gba ìwé ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Láníhùn wọlé bá a níbi tó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ní ọ̀sán gangan.

"Kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ mi ń kú, Bàbá. Láti ìbàdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

"O sọ fún ìjókòó?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ sọ fún un?"

 Oṣù mẹ́rin péré ni Ìbídùn tíì lò lórí ìjókòó yẹn. Ti Láníhùn gba ọdún mẹ́wàá kó tó dé ẹsẹ̀.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ògbòòrò nígbà tí ìjókòó béèrè ẹ̀kẹrin. Ó ní ara le. Ní Ògbòòrò, wọ́n yà sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì. Ìyá arúgbó tó ni ibẹ̀ ti ń gbé bátìrì bọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Láníhùn sọ̀kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: ó fi ọwọ́ lé ọkọ̀, ó dúró, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn gbọ́ pé wọ́n ti dé, kó tó nà. Mopélọ́lá kò mọ èyí. Ó fò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi máńgòrò mú, ojú rẹ̀ rọ́ bí ojú ẹni tó jẹ orógbó.

"O kú ìrìn o, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ṣé ara le?"

"Ara le, mà. A dúpẹ́."

Láníhùn bú sẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ẹ̀rín náà dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dùn ún, kò sì lè dá a dúró.

"Kí lẹ ń fi mí rín sí, bàbá?"

"Ara rẹ le?"

"Ṣebí mo ti ní…"

"Igi ló gbé ọ dúró yẹn. Ìyá bi ọ́, o ní ara le."

"Kí ni kí n sọ? Ẹni tí mi ò mọ̀ rí? Kíkí ló kí mi. Ṣé kí n wá máa ka eegun mi fún un ni?"

"Ìjókòó náà, kíkí ló ń kí wa."

Ìyá oníbátìrì gbé bátìrì sínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ lù ú kó lè wọlé dáadáa. Mopélọ́lá jókòó sílẹ̀ lórí gbòǹgbò igi, díẹ̀díẹ̀. Ó wo pátákó dígí rẹ̀.

"Mílíọ̀nù méjì," ló wí. "Mílíọ̀nù méjì ìdáhùn ló wà nílé-iṣẹ́ wa láti ọjọ́ tí ìjókòó ti ń béèrè. Ara le, ara le. Kò tíì sí ẹyọ kan tó ní ara òun kò le. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tilẹ̀ ní ìjókòó náà dùn. Ọ̀gá wa máa ń kà á fún àlejò."

"Ó dùn? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn awakọ̀."

"Mi ò tíì bá irú wọn pàdé."

"Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á sọ ìjókòó yìí di òfin fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní ẹni kan kò ráhùn."

"Ta ló ní kí ó máa béèrè pé ṣé ara le?"

Ó fi èékánná ha gbòǹgbò igi náà. "Àwọn tó ṣe é ní òkè òkun ní kí á sọ ohun tí Yorùbá fi ń bi ara wọn léèrè nípa ara. Èmi ni wọ́n gbé e fún. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n fi 'Ẹ kú ìjókòó' ṣáájú rẹ̀, kó má dà bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n yìn mí."

Láníhùn kò sọ pé kò dára. Bí òun náà bá ni, ohun tí òun ì bá sọ nìyẹn.

"Yí i padà," ló wí.

"Kí ni kí n fi yí i padà? Ìwé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ojú. Tí mo bá lọ sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn ń parọ́ fún ìjókòó, wọ́n á ní kí n fi ẹ̀rí hàn. Àfi bí ẹyọ ìdáhùn kan bá yàtọ̀. Ẹyọ kan péré. Òfin ní bí ẹnìkan bá ti lè ní ara òun kò le, kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i."

"Ìwọ ńkọ́? O gun ọkọ̀ láti àárọ̀."

"Kì í bi ẹni tó wà lẹ́yìn."

 Ewé máńgòrò kan já lé ìjókòó náà.

"Mi ò ní kí ẹ ṣe é o, bàbá."

"Mo gbọ́."

"Ìwé yín ni. Mo mọ̀ pé…"

"Mo ní mo gbọ́. Dìde. Fi ọwọ́ lé ọkọ̀ kí o tó gùn ún. Má fi gbogbo ìdí jókòó. Bí mo bá ní ó yá, rọ ẹ̀yìn rẹ bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n."

Wọ́n gbéra. Ó ro ọ̀rọ̀ náà láti Ògbòòrò lọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Bàbá rẹ̀ wà lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí àlejò bá wọlé, á ní ara ń mókun. Ọjọ́ tó kú, ó ní ara ń mókun. Láníhùn kò rò pé irọ́ ni bàbá òun pa. Àlejò kò wá gbọ́ nípa inú rírun. Àlejò wá wò ó bóyá ó ṣì wà, ó sì dá a lóhùn pé òun ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ìjókòó kì í ṣe àlejò. Kò ní wá lọ́la wá mọ bí nǹkan ṣe rí.

Ó tún ro ọjọ́ iwájú. Àárọ̀ tí kò ní sí ọ̀nà nínú rẹ̀. Òun níwájú ilé, tí àwọn awakọ̀ á máa kọjá, tí wọ́n á máa gbé ọwọ́ sókè kí i. Ó ro Ìbídùn ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Á jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Nígbà tí wọ́n wọ Ìgbòho, ìrora ti dé orúnkún.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

Ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Pátákó dígí dún. Mopélọ́lá kò sọ pé ó ku ẹyọ kan. 

Lẹ́yìn Ìgbòho, ilẹ̀ tẹ́jú, igi fọ́nká. Òpó kan, òpó kejì. Ó ń gbé àgbọ̀n sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú pátápátá, ojú ló fi ń wò ó bóyá ó ṣì wà lórí irin. Wákàtí náà pé níbi tí kò sí ilé kankan, àfi oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀tún àti àpáta ní òsì.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ṣé ara le?"

Ó pa ẹnu mọ́. Ó di ẹnu náà mú bí ẹni di ìlẹ̀kùn mú nínú ìjì.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ṣé ara le?"

"Ó ń dùn mí," ni Láníhùn wí.

Ìjókòó dá a lóhùn. "A ti gbọ́. Ó dùn mọ́ yín. A dúpẹ́."

Láníhùn rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Kí ló wí?"

Mopélọ́lá ti gbé pátákó dígí sún mọ́ ojú. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ó kọ ọ́ pé ó dùn. Yéè! Bàbá, àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹn. Ó ń dùn wọ́n ni. Wọ́n sọ fún un. Wọ́n sọ fún un, ó kọ ọ́ pé ó dùn bí oyin!"

Ìrìn ọkọ̀ kò yí padà. Òpó kan tan iná aláwọ̀ ewé fún un.

"Ó ṣeé tún ṣe?"

"Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ó ti lo ogún ìṣẹ́jú-àáyá nínú ọgọ́ta." Ó tẹ̀ sí etí rẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé ọ̀rọ̀ lọ. "Bàbá, ẹ gbọ́. Ẹ ti sọ òtítọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, ìdánwò ti parí nìyẹn, ìwé yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹnìkan kò ní bá yín wí. Èmi náà kò ní bá yín wí."

Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ó ti sọ ọ́, ìjókòó ló dití. Ó lè délé lónìí, kó sọ fún Ìbídùn pé òun sọ fún un. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló délé bẹ́ẹ̀.

"Mélòó ló kù?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ó la ẹnu.

"Ara mi kò le," ni Láníhùn wí. Ó sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbé ẹrù sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ń ro mí. Ìbàdí ń ro mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kú láti Ìgbòho. Ìjókòó yìí ló ṣe é. Kì í ṣe ogbó. Ara mi kò le."

 Ìró ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀. Ó ń rọra lọ, ó ń rọra lọ, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó dúró létí oko ẹ̀gẹ́ náà.

"Ara tí kò le kò gbọdọ̀ gun ọ̀nà," ni ìjókòó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ fún un pé pẹ̀lẹ́.

Láníhùn fi ọwọ́ lé ọkọ̀. Ó dúró, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn gbọ́. Mopélọ́lá náà fi ọwọ́ lé ọkọ̀, ó dúró, kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú, kò wo ojú rẹ̀. Láníhùn yọ ìwé ọ̀nà nínú àpò àyà. Òógùn ti rẹ ẹ́ ní igun kan. Ó fi aṣọ nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá." Ó kúnlẹ̀ gbà á.

Nígbà tó dìde, erùpẹ̀ wà ní orúnkún rẹ̀. Ó gbé pátákó dígí. "Àyè kan wà níbí tí wọ́n ní kí n kọ ìdí sí. Kí ni kí n kọ?"

"Kọ ohun tí mo sọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Bí mo ṣe sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe."

Ó kọ ọ́. Ó kà á fún un. Láníhùn mi orí. Lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni di òròmọdìẹ mú, ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mopélọ́lá bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń tì í pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n dé ibi òpó tó tẹ̀lé e, Láníhùn kò gbé àgbọ̀n sókè. Ilẹ̀ ló ń wò. Òpó náà kò tan iná.

Ó ku kìlómítà mọ́kànlá kí wọ́n dé Kíṣí.